Iṣẹ́ Tí Kálàmù Ń Jẹ́: Ìdí Tí Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fi Gbọ́dọ̀ Mọ Ìwé Kọ

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò ìlú wa nígbà tí àkókò owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé. Wọn a ní, "Tíṣà, ọmọ mi lọ kọ́ ìṣirò owó. Kí ló dé tí wọ́n tún ń kọ́ ọ ní lẹ́tà kíkọ? Ṣé kò kọ́ ọ ní girama ni?" Ẹlòmíràn a ní iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọmọ òun ń kọ́, kí ni ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò fẹ́ ṣe fún un lórí òpó iná?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí ó ń náwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí owó rẹ̀ ń rà. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù láti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́, àti ìdí tí mo fi gbà pé ọmọ tí kò bá kọ́ ọ dáradára yóò máa ru ọgbọ́n kiri bí alájàpá tí ó ru ẹrù rere, ṣùgbọ́n tí kò lè kiri ọjà rẹ̀ kí ènìyàn gbọ́.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀

Ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní GST 111. Ìbáà jẹ́ òfin ni ọmọ ń kọ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, yóò jókòó ti ẹ̀kọ́ yìí. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ wọn bí a ti í to èrò kí a tó fọwọ́ kan ìwé, bí a ti í pín ọ̀rọ̀ sí ìpínrọ̀, bí a ti í kọ lẹ́tà, bí a ti í kọ ìròyìn iṣẹ́, bí a ti í kọ ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́, àti bí a ti í padà yẹ ohun tí a kọ wò kí a lè tún un ṣe. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ náà ní irú tiwọn.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò gidi máa ń dé. Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1973 tí a ń pè ní SIWES. Nípa ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ a fi kíláàsì sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, a lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ gbé wà. Wọn a fún un ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ a fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ a wá wò ó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó, a kọ ìròyìn odindi.

Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ máa ń mú un wá hàn mí. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn kọ nìyí: "Ọjọ́ Ajé, a ṣe iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a tún ṣe iṣẹ́. Ọjọ́rú, iṣẹ́ kò pọ̀." Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọ̀gá fẹ́ rí fọwọ́ sí nínú èyí? Ọmọ náà lè ti làágùn láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Òmíràn kọ tirẹ̀ báyìí: "A kó rìsíìtì oṣù tí ó kọjá jáde. Mo fi wọ́n wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́. Mẹ́ta kò bára mu. Mo fi wọ́n han akápò, ó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a kọ ọ̀kan nínú wọn." Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ọmọ yìí ní ojú inú, àti pé a lè fi owó sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ rẹ̀ hàn sójú ayé.

ÀRÒKÒ ÀWỌN BABA WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹ̀kọ́ òyìnbó lásán ni èyí. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn ẹni náà fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yín jọra, ẹ jọ wà ní ìṣọ̀kan. Àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ àrokò dáradára.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń pàrokò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tí yóò gbà á: ṣé yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò, nítorí kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Ohun tí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí nìyẹn gan-an. Ìwé iṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán sí ẹni tí kò sí níwájú wa. Ó gbọ́dọ̀ dá jẹ́ ara rẹ̀ láìsí wa níbẹ̀.

Ibi tí ó ti ń ṣòro fún wa nìyí. A tọ́ wa dàgbà pẹ̀lú òwe tí ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òtítọ́ ni, nígbà tí a bá jọ jókòó. Ojú ń sọ̀rọ̀, ikọ́ ń sọ̀rọ̀, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mọ ilé wa, ó mọ baba wa. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó jókòó ní ọ́fíìsì kò mọ̀ wá rí. Bí a bá kọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, àbọ̀ náà ni yóò wà títí ayé. Odindi ni ìwé ń fẹ́.

LẸ́TÀ ÀWỌN ALÁSỌ

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣojú mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, òjò ńlá kan rọ̀ ní ìlú wa. Gọ́tà tí ó wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alásọ kún, omi sì ya wọlé. Àǹkárá bàjẹ́, léèsì bàjẹ́. Opó kan wà nínú wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọjà tí ó fi owó náà rà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ní ìsọ̀ tí ẹrẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ dá owó jọ, wọ́n fi bẹ ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ sí ọlọ́pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó bá wọn kọ̀wé sí káńsù. Ojú-ewé mẹ́rin gbáko ni ó kọ. Ó kí alága, ó kí gbogbo káńsẹ́lọ̀, ó ròyìn bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ọjà náà, ó kó ọ̀rọ̀ gígùn gígùn jọ bí ẹni ń di igi. Ojú-ewé kẹrin ni gọ́tà tó yọjú, kò sì sọ gọ́tà wo. Kò sí ọjọ́ tí òjò náà rọ̀, kò sí iye ìsọ̀ tí omi wọ̀, kò sí nọ́ńbà fóònù tí ẹnikẹ́ni lè pè. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọn kò rí èsì kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, wá sílé fún ìsinmi. Ó ka ẹ̀dà lẹ́tà náà tán, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí gan-an ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé kò sí nínú ìwé náà ni?"

Ó ní, "Kò sí níbẹ̀, mà."

Ní ọjọ́ kejì ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ohun tí ó bàjẹ́ kọjá kíkà." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun mà, ẹ jẹ́ ká jọ kà á." Wọ́n sì jọ kà á. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, a mọ̀ pé ìsọ̀ 14 ni omi wọ̀, àti pé ìdì aṣọ 39 ni ó bàjẹ́. Kó tó di ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọjà tí ó mọ iye rẹ̀, títí kan àwọn tí ó ni aṣọ.

Ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ lẹ́tà rẹ̀, kò sì kọjá ojú-ewé kan. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ọ̀rọ̀ nípa gọ́tà tí ó dí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alásọ. A kí yín, sà. Gọ́tà tí ó wà láàárín ìsọ̀ àwọn alásọ àti títì ti dí. Nígbà tí òjò rọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, omi wọ ìsọ̀ 14, ìdì aṣọ 39 sì bàjẹ́. Orúkọ àwọn tí ó ni ìsọ̀ náà àti fọ́tò mẹ́fà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ rán òṣìṣẹ́ wá wo gọ́tà náà kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì bá wa kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò pèsè ènìyàn mẹ́wàá tí yóò ran àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kí ẹ pè. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ìpàdé, ìyá ẹgbẹ́ fajú ro. Ó ní, "Ìwé yìí mà kúrú o. Ṣé bí a ti í bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyí? 'A kí yín, sà,' ó tán?"

Ọmọ náà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó mú ìwé náà lọ, ẹ ó sì fi ẹnu kí wọn bí ó ti yẹ kí a kí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣí i, ogún ìwé lè wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá ka ìlà mẹ́ta tí kò rí ìdí ọ̀rọ̀, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ìyá ẹgbẹ́ ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Ẹnu ni kí a fi kí wọn, kí ìwé fi ẹjọ́ ro."

Bí mo ti ń kọ́ni tó, n kò tíì gbọ́ ẹni tí ó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rí ni ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní àyè tirẹ̀, ìwé ní àyè tirẹ̀, ọlọ́gbọ́n sì ni ẹni tí kò fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Òwe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ rán ọmọ yìí pé kó bá wọn kọ̀wé. Ó fi ọgbọ́n ọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà, nítorí ó kọ́kọ́ wá ohun tí wọn kò tíì sọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n mú ìwé náà lọ, òṣìṣẹ́ káńsù kan pe akọ̀wé ẹgbẹ́ lórí fóònù. Wọ́n wá wo gọ́tà, wọ́n sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan ti dára tán. Wọn kò san owó aṣọ fún ẹnikẹ́ni, opó yẹn sì ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún 2023 dé, omi kò wọ ìsọ̀ rẹ̀.

ÈDÈ YORÙBÁ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro ọmọ wa, kí á sì lé Yorùbá kúrò lẹ́nu wọn kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáradára jù, títí kan ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kò lè to ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, kí ni yóò tò ní èdè ẹlẹ́dẹ̀ẹ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi Yorùbá bi àwọn alásọ léèrè ọ̀rọ̀, ó fi Yorùbá kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ó tó gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Yorùbá náà sì ní òfin kíkọ tirẹ̀. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo bí àmì ti ṣe pàtàkì tó: bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé a ra ọkọ, láìfi àmì sí i, ṣé ọkọ́ tí a fi ń roko ni, tàbí ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹrù? Owó àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ẹgbẹ́ ni ìwé ìpàdé tí kò yéni ń dá sílẹ̀.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń KỌ̀WÉ

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé, "Tíṣà, ẹ̀rọ wà lórí fóònù báyìí tí ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ náà lè to Gẹ̀ẹ́sì kó dán bí abọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n kò lè lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kò lè kúnlẹ̀ bẹ ìyá àgbàlagbà pé kí wọ́n jọ ka aṣọ. Bí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kò bá mọ iye ìsọ̀, ẹ̀rọ lè fúnra rẹ̀ dá iye kan sọ, yóò sì sọ ọ́ láìmikàn. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá dé tí ó ka ìsọ̀ tí kò sì bá iye tí ó wà nínú ìwé, ta ni yóò tún gba ẹgbẹ́ náà gbọ́? Ẹni tí ó mọ ìwé kọ lè lo ẹ̀rọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ni yóò lò ó.

ÌMỌ̀RÀN FÚN TỌMỌ TÒBÍ

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, kí o tó kọ ohunkóhun fún iṣẹ́, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni yóò ka ìwé yìí? Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe lẹ́yìn tí ó bá kà á? Kí ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè ṣe é? Èwo nínú ohun tí mo kọ ni kò ràn án lọ́wọ́? Dáhùn mẹ́ta àkọ́kọ́, kí o sì yọ èyí tí ó bọ́ sí ìbéèrè kẹrin kúrò. Lẹ́yìn náà, ka ìwé náà sókè kí etí rẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀, ojú ẹni tí yóò kà á yóò kọsẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a dín àròkọ nípa ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ kù díẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa kọ̀wé sí ẹni tí ó wà láàyè, nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀: kí wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nípa fèrèsé tí ó fọ́, kí wọ́n kọ ìròyìn ọgbà tí wọ́n gbìn. Bí wọ́n bá rí i pé a tún fèrèsé náà ṣe nítorí lẹ́tà wọn, kò sí ẹgba tí yóò kọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí á sì jẹ́ kí wọ́n máa dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ wọn láti kékeré. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà nínú kíláàsì kò ní gbọ̀n níwájú àwọn tí yóò gbà á síṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí oníṣòwò, ẹ̀kọ́ yìí kò parí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọjà yín kún fún iṣẹ́ tí ọmọ lè fi dánra wò. Ẹ jẹ́ kó kọ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ̀wé sí oníbàárà tí ó jẹ yín lówó, kó sọ ọ́ kí ó yéni, kó má sì bu ẹnikẹ́ni kù. Bí ó bá sì kọ ìròyìn fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ ní kó jókòó, kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kò bá yé yín, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì yé òun náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fún un ní ìwé funfun kan, kí ẹ sọ ohun kan tí ó ń yọ yín lẹ́nu ní ìsọ̀ yín fún un, kí ó kọ ọ́ sí ẹni tí ó lè tún un ṣe. Kí ó má ṣe kọjá ojú-ewé kan.